Ohun Èlò Tó Mọ̀ Pé Iná Lè Lọ

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí àwọn nǹkan kéékèèké tí ọwọ́ wa ń kàn lójoojúmọ́, tí a kì í sì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Púlọ́ọ̀gì ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lọ. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sílé, tí fáànù tàbí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kò sí lórí iná, kó yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó mú un dání bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ẹ wo èyí tó wà lókè, ó gùn ju méjì ìsàlẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá pójú owó, ìlẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́yìn ihò méjèèjì ìsàlẹ̀, níbi tí iná wà gan-an. Títì ni ìlẹ̀kùn yẹn máa ń wà. Ẹsẹ̀ gígùn òkè ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló ń ti ìlẹ̀kùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àwọn méjì yòókù tó ráyè wọlé. Ọmọ ọdún méjì tó bá mú ìṣó lọ́wọ́, tó ń wá ihò tó máa kì í bọ̀, ihò ìsàlẹ̀ yẹn ló máa bá ní títì.

Ẹsẹ̀ òkè yìí kan náà ló so mọ́ wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Nítorí pé ó gùn, ààbò ló ń kọ́kọ́ dé kí iná tó dé. Bí a bá sì ń yọ ọ́, iná ló ń kọ́kọ́ lọ, ààbò a wá tẹ̀lé e. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ méjèèjì ìsàlẹ̀: rọ́bà dúdú bo ìdajì wọn láti ìdí. Ìyẹn wà fún ìka ọwọ́ tó bá yọ̀ kọjá nígbà tí púlọ́ọ̀gì bá yọ díẹ̀ sí ìta, tí iná sì ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọdún 1984 ni wọ́n fi ìyẹn kún un.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdérí rẹ̀ báyìí. Fíúsì kan wà níbẹ̀, ámpù 3 fún rédíò àti gílóòbù, ámpù 13 fún áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù. Bí iná bá rọ́ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, fíúsì ni yóò jóná kí wáyà tó gbóná débi tí yóò fi ran kọ́tìnnì. Wáyà mẹ́ta ló wọ inú rẹ̀. Bí oníṣẹ́ iná bá mọṣẹ́, gígùn wọn kò ní dọ́gba: èyí tó ń gbé iná yóò kúrú jù, ẹ́ẹ̀tì yóò gùn jù. Bí ẹnì kan bá fi ẹsẹ̀ kọ́ wáyà fáànù nínú òkùnkùn, tó sì fà á já, èyí tó ń gbé iná ni yóò kọ́kọ́ já. Ẹ́ẹ̀tì ni yóò já gbẹ̀yìn.

Ta ló jókòó ro gbogbo èyí? Ní àárín Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí bọ́ǹbù ṣì ń bọ́ lu ìlú London, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ kan kó ronú bí iná yóò ṣe wọ àwọn ilé tí wọ́n máa tún kọ́ lẹ́yìn ogun. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, Caroline Haslett, ẹnjiníà tó ti ń jà fún ìrọ̀rùn àwọn obìnrin nínú ilé láti ọdún 1924, nígbà tó di olùdarí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà jábọ̀ ní 1944, ìlànà púlọ́ọ̀gì yìí sì jáde ní 1947. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, bó ṣe di tiwa nìyẹn.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú ìtàn yìí ni irú ọjọ́ tí wọ́n rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọn kò ro ọjọ́ tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ọmọ tó bọ́ lójú ìyá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n rò, àti ẹni tó rẹ̀ tó fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, àti ọwọ́ tó yọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ohun èlò tó pé yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń dán: ẹni tó ṣe é ti ro ọjọ́ burúkú wa mọ́ ọn.

Wàyí o, kí là ń ṣe sí púlọ́ọ̀gì yìí nílé wa? A ra ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kò wọlé. A mú ìdérí bírò, a tì í bọ ihò òkè, ìlẹ̀kùn ṣí, ṣájà wọlé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n torí ọmọ ṣe, àwa fúnra wa la kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Mi ò dá ìyá tó fẹ́ kí fóònù òun yáná lẹ́bi tó ẹni tó kó ẹlẹ́sẹ̀ méjì wọ ìlú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àmọ́ ọwọ́ wa náà wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣíwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà ní Trade Fair, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sọdá sí Alábà, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Púlọ́ọ̀gì ayédèrú pọ̀ lọ́jà bí ẹni wọ aṣọ ṣọ́jà tí kò mọ ìbọn yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ pé, rọ́bà dúdú wà lára rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ tú u, wáyà ẹyọ kan ni wọ́n fi rọ́pò fíúsì, tàbí kó má sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá. Ẹ mú òòfà kékeré dání lọ sọ́jà, irú èyí tó ń bẹ lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́. Idẹ ni ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tó péye, òòfà kì í sì í fa idẹ. Bí òòfà bá gbá a mú, irin ni wọ́n fi àwọ̀ idẹ kùn. Ẹ ha ara wáyà rẹ̀ díẹ̀: bí pupa bá ṣí kúrò tí funfun yọ lábẹ́ rẹ̀, bàbà kọ́ ló wà nínú, yóò sì tètè gbóná. Bí wọ́n bá sọ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ wá àmì MANCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà. Kí n tún fi kún un pé ẹsẹ̀ òkè tó bá jẹ́ ike lára ṣájà fóònù kò fi í hàn ní ayédèrú. Irú ṣájà bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìlẹ̀kùn nìkan ni ẹsẹ̀ ike yẹn ń ṣe.

Èyí tí mi ò ní gbà wọlé mi rárá ni ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n tí ihò rẹ̀ gba púlọ́ọ̀gì gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó dà bí oore. Àmọ́ kí ihò kan tó lè gba gbogbo ẹsẹ̀, wọ́n sábà máa ń yọ ìlẹ̀kùn inú rẹ̀ dànù, ẹ́ẹ̀tì sì lè má kan nǹkan kan. Wọ́n ti yọ gbogbo ìrònú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n wá ta èèpo rẹ̀ fún wa.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná ara ògiri. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú àpò wa.

Ọdún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Ní 2003, Nokia gbé èyí tí wọ́n ń pè ní 1100 jáde, wọ́n sì dìídì ṣe é fún irú ìlú tiwa. Wọ́n fi rọ́bà odindi kan bo gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, kí eruku má baà rí àlàfo wọlé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rí págunpàgun díẹ̀, kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ tó bá làágùn. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Ní orí rẹ̀, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sí i. Ẹ rántí bí tọ́ọ̀ṣì yẹn ti wúlò tó nígbà tí NEPA bá mú iná lọ: ọlọ́dẹ ń fi yẹ kọ́kọ́rọ́ wò, ìyá ń fi wá oògùn ọmọ, oníṣòwò ń fi ka owó. Ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà káàkiri ayé. Àwọn fóònù mìíràn nígbà náà ní kámẹ́rà, wọ́n ní ojú tó láwọ̀ mèremère. Èyí kò ní ìkankan nínú wọn. Ó kàn mọ̀ pé iná lè lọ.

Àwọn ará Ṣáínà náà wá wo ìgbésí ayé wa dáadáa. Ilé iṣẹ́ Transsion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, tó ni Tecno, Itel àti Infinix, rí i pé ẹnì kan ń gbé fóònù méjì mẹ́ta kiri, nítorí pé pípè láti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sí òmíràn wọ́n, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kan sì lè dákẹ́ lójijì. Wọ́n ṣe fóònù tó ń gba síìmù méjì. Èyí tó tilẹ̀ jọ mí lójú jùyẹn lọ ni kámẹ́rà wọn. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ funfun ṣe òṣùwọ̀n kámẹ́rà láyé. Bí adúláwọ̀ bá ya fọ́tò nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ á di òkùnkùn biribiri. Transsion tún tiwọn ṣe, kó máa fi ẹyinjú àti eyín mọ ibi tí ojú ènìyàn wà, kó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó lójú náà. Ọgbọ́n ìṣòwò wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ní fọ́tò ìgbéyàwó tí ojú ìyá rẹ̀ kò hàn nínú rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ náà wà níbẹ̀.

Kò yẹ kí n yìn nìkan. Ẹ jẹ́ ká sọ ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú mọ̀ sí "I better pass my neighbour". Ẹ́ńjíìnì rẹ̀ kò ní ibi ọ̀tọ̀ fún ọ́ìlì, inú bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì mọ́ ọn. Ìyẹn ló jẹ́ kó fúyẹ́, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e. Ó ti gba ọ̀pọ̀ aránṣọ, oníbábà àti àwọn tó ń ṣe irun lọ́wọ́ ìṣẹ́, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín oore yẹn. Àmọ́ ohun tó fúyẹ́ fún ẹni tó ni ín, ó fúyẹ́ fún olè náà. Nítorí olè, bí ilẹ̀ bá ṣú, a ó gbé e wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ká gbé e sí bákónì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì olóró kan tí ojú kò rí, tí kò sì ní òórùn. Ìdílé á sùn, wọn ò ní jí mọ́. A máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló pa wọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ẹni tó ṣe é ro bí a ó ṣe gbé e lọ́sàn-án, kò ro ibi tí a ó gbé e sí lóru. Ìbá ṣe pé ibi tí a lè ti ṣẹ́ńnì bọ̀ wà lára irin rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wá, ọ̀pọ̀ ì bá so ó mọ́ ìta, jìnnà sí fèrèsé. Ẹni tó bá ní i, kó pe wẹ́ẹ́dà kó bá a jó òrùka irin nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, kó sì máa fi ṣẹ́ńnì àti àgádágodo dè é síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ síta báyìí, nítorí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń ronú. Ní Festac tiwa yìí, l'Ékòó, omi ẹ̀rọ ìjọba ti pa ọ̀pọ̀ ilé tì, mẹ́ruwà ló ń gbé omi wá fún wa. Ẹ wo ọmọlanke rẹ̀ nígbà mìíràn tó bá ń kọjá. Táyà méjì ni, wọ́n sì fi wọ́n sí àárín gbùngbùn, lábẹ́ ẹrù gan-an. Kẹ́ẹ̀gì kan gba lítà 25, ìyẹn kílò 25. Bí ó bá to mẹ́wàá sórí rẹ̀, ó ti di kílò 250. Ọmọkùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tì í lọ lórí títì tó ní kòtò, nítorí pé àwọn kẹ́ẹ̀gì iwájú àti ti ẹ̀yìn ń dá ara wọn dúró lórí táyà, ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ju kó darí lọ. Bó bá fẹ́ dúró, ó ní ẹsẹ̀ irin tí yóò fi ti ilẹ̀. Wẹ́ẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà ló jó o pọ̀. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan.

Kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Irin ni baba ńlá rẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ṣe ní 1937 fún gbígbé epo, lítà 20. Ọwọ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣe sí orí rẹ̀. Bó bá kún, ènìyàn méjì á di ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, wọ́n á jọ gbé e. Bó bá ṣófo, ẹnì kan lè fi ọwọ́ kan gbé méjì. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lókè rẹ̀, kó lè léfòó bó bá já sómi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí i lójú ogun, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ike aláwọ̀ ìyeyè tiwa, òróró ló kọ́kọ́ gbé wọ̀lú, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ní. Mo máa ń rò ó bí mo bá rí ọmọdébìnrin tí èjìká kan wọ́ lọ sílẹ̀: ẹni tó ṣe é, òróró ló rò, kò ro ọmọ tí yóò fi pọnmi. Ní Ghana, àwọn ènìyàn fi orúkọ Ààrẹ Kufuor pe irú kẹ́ẹ̀gì yìí nígbà tí omi wọ́n wọn láyé ìjọba rẹ̀. Serge Attukwei Clottey, ayàwòrán ará Accra, ń gé e wẹ́wẹ́, ó ń rán an pọ̀ di iṣẹ́ ọnà gbàràmù-gbaramu tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ní ilẹ̀ òkèèrè. Ilé iṣẹ́ oníke wà ní Èkó níbí. Ọwọ́ kejì lórí kẹ́ẹ̀gì kò ní gbà wọ́n ju mọ́ọ̀dì tuntun lọ, mo sì ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe é.

Ó ku ohun kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láìgbowó, àwa ará Festac. Àdírẹ́sì wa ni. Wọ́n kọ́ ìlú yìí fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì, ọdún 1977. Ilé tó lé ní 5,000 ni. Àlejò wá láti orílẹ̀-èdè tó lé ní àádọ́ta, ẹlòmíràn ń sọ Faransé, ẹlòmíràn ń sọ Potogí tàbí Lárúbáwá. Wọn kò fi orúkọ olóṣèlú kankan sọ títì. Nọ́ńbà ni wọ́n fún àwọn òpópónà ńlá, láti First Avenue dé Seventh Avenue. Àwọn títì tó yà lára wọn ní nọ́ńbà tiwọn, nọ́ńbà àkọ́kọ́ níbẹ̀ sì sábà máa ń sọ òpópónà tí o wà fún ọ: 23 Road ń darí rẹ sí Second Avenue, 512 Road sí Fifth Avenue. Àwọn close, ìyẹn ojú títì kéékèèké tó yà lára títì wọ̀nyẹn, wá ń jẹ́ A, B, C. Àlejò tí kò gbọ́ èdè wa, tó bá ti lè ka ení, èjì àti A, B, C, yóò délé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò l'Ékòó, "ẹ yà bàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn, ẹ bi oníkáàdì léèrè" la fi ń júwe ilé. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tiwa yìí péye lọ́sàn-án, ó péye lóru, ó péye fún ọkọ̀ panápaná àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwo tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ti wó, ìpólówó ti bo òmíràn mọ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti hù síbi tí òmíràn wà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri kì í tètè mọ èwo ni D, èwo ni E. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé ní close kọ̀ọ̀kan, ẹ kò nílò láti dúró de ìjọba fún èyí. Ẹ ra ọ̀dà dúdú àti funfun. Ẹ kọ lẹ́tà close yín sára ògiri àbáwọlé, kó tóbi tó odindi apá ènìyàn, kó wà níbi tí iná ọkọ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí, kì í ṣe lókè níbi tí ẹ̀ka igi yóò bò ó. Ẹ kọ nọ́ńbà títì yín sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń ti géètì lálẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ọlọ́dẹ yín gàdàgbà sára géètì náà, sí apá ìta, níbi tí ẹni tó ń gbé aláìsàn bọ̀ lóru yóò ti rí i.